Álọ́ọ̀mù Pé Ọgọ́rùn-ún Ọdún Lẹ́nu Iṣẹ́ Àjẹsára

Ọdún 2026 yìí ló pé 100 ọdún tí Alexander Glenny àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Wellcome, ní Beckenham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé álọ́ọ̀mù ń fún abẹ́rẹ́ àjẹsára lágbára. Álọ́ọ̀mù náà gan-an ni o, èyí tí àwọn ìyá wa ń jù sínú omi kí ìdọ̀tí lè rẹlẹ̀! Ayọ̀ yìí kọjá àpamọ́ra.

Dìfitéríà ló ń da àwọn ọmọdé láàmú nígbà náà, àrùn tó ń dí ọ̀nà ọ̀fun títí ọmọ kò fi ní lè mí mọ́. Gaston Ramon ti Pasteur Institute ní Paris ti fi fọ́málínì àti ooru pa agbára oró kòkòrò àrùn náà, ó sì di ohun tí a lè gún sára ọmọ. Àmọ́ bí oró tí a ti pa yìí bá dá wọ ara, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ramon fúnra rẹ̀ rí i pé bí òun bá po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, títí kan tapiókà tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ara ẹṣin tí ó gún un fún a jí gìrì sí i. Glenny wá lo álọ́ọ̀mù ní tirẹ̀. Omi tó mọ́ gaara di funfun, ohun kíún-kíún yọ nínú rẹ̀, ó ń rọra wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, oró náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n gún un fún àwọn guinea pig, ààbò tí wọ́n ní ju ti àwọn tó gba oró lásán lọ fíìfíì.

Lílẹ̀ mọ́ra yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a jó sí lónìí. Èròjà aluminium méjì tí a ń pè ní álọ́ọ̀mù, tó wọ́pọ̀ nínú abẹ́rẹ́ báyìí, ni aluminium hydroxide àti aluminium phosphate. Ní pH ara èèyàn, tí í ṣe nǹkan bí 7.4, iná pósítíìfù ló wà lójú hydroxide, nẹ́gátíìfù ló wà lójú phosphate. Àntíjìn, ìyẹn ohun tí abẹ́rẹ́ ń gbé wọlé kí ara lè dá àrùn mọ̀, ní iná tirẹ̀ pẹ̀lú. Ti dìfitéríà àti ti tẹ́tánọ́ọ̀sì jẹ́ nẹ́gátíìfù, nítorí náà hydroxide ni wọ́n ń sáré lọ bá.

Iná nìkan kọ́ o, èyí tó sì wù mí jù rèé. Àntíjìn àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B ní ọ̀rá lára, fosiféètì sì wà lára ọ̀rá náà. Bí ó bá kan aluminium hydroxide, fosiféètì yìí a lé hydroxyl kan kúrò níbẹ̀, a gba àyè rẹ̀, a sì di aluminium náà mú tààrà. Iyọ̀ tó ń tú ìdè iná kì í tètè tú èyí. Stanley Hem àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Purdue University, Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àṣírí yìí rí. Ẹ bá mi kí wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ! Wọ́n tún fi hàn pé ìdè náà lè le jù: bí àntíjìn bá lẹ̀ pinpin, ara kì í rí i lò dáadáa.

Glenny gbà pé ṣe ni álọ́ọ̀mù ń pa àntíjìn mọ́ sójú abẹ́rẹ́, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ní 2012, àwọn onímọ̀ gé ojú abẹ́rẹ́ kúrò lára eku ní wákàtí 2 péré lẹ́yìn tí wọ́n gún un, ìdáhùn ara eku kò sì yàtọ̀. 100 ọdún, álọ́ọ̀mù ṣì ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́!

Nílé wa ní Nàìjíríà, ó wà nínú abẹ́rẹ́ pẹ́ńtà tí àwọn ọmọ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ó wà nínú abẹ́rẹ́ HPV tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní October 2023, kí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ má bàa pa wọ́n lọ́la.

Ẹni tí mo fẹ́ kí jù lọ ni ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kó má kúrò láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí abẹ́rẹ́ tó ní álọ́ọ̀mù bá dì bíi yìnyín, àwọn ẹ̀yà álọ́ọ̀mù a ṣù pọ̀, wọn ò sì ní túká mọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n: ẹ ó gbọn ìgò tí ẹ ń fura sí pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dì, tó sì ti yọ́, ẹ ó gbé méjèèjì kalẹ̀ sórí tábìlì, ẹ ó máa wò ó. Èyí tó ti dì a tètè rọ̀ sí ìsàlẹ̀, omi orí rẹ̀ a mọ́ gaara. Bí ìgò tí ẹ ń fura sí bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní gún un fún ọmọ ọlọ́mọ, bí èrò tilẹ̀ kún ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yóò bá yín ṣọ́ ọmọ tiyín náà.