Ká Lé Akátá Lọ Ná

Bí àgbà méjì bá pàdé nísisìyí, ẹjọ́ àwọn ọmọ ni wọn yóò máa rò. Wọ́n á ní fóònù ti ba ọmọ jẹ́. Ọmọ kò mọ bojúbojú mọ́, kò mọ òkòtó, àfi kí ó tẹjú mọ́ fóònù láti àárọ̀ títí di òru. Èmi kò jiyàn pé fóònù ń gba ọmọ lọ́wọ́ eré. Ohun tí n kò gbà ni pé òun nìkan ni ọ̀daràn.

Ẹ bá mi kálọ sí Fádèyí. Níwájú, títì Ìkòròdú ni, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dá. Lẹ́yìn, àwọn ọ̀nà tóóró tí ó wọ Ṣómólú lọ ni, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù nínú wọn. Gọ́tà ni ó ti ilé, ọkọ̀ ni ó ti gọ́tà. Níbo ni ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ti sáré? Ìyá tí ó ti ọmọ mọ́lé, tí ó sì fún un ní fóònù, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mọ́tò ni ó ń bẹ̀rù.

Ẹlòmíràn yóò ní àwọn ọmọ fúnra wọn ni kò fẹ́ ìta mọ́. Irọ́ ni! Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà ìyanṣẹ́lódì nítorí owó epo, tí ọkọ̀ kò rìn, kí ni mo rí lójú títì Ìkòròdú? Bọ́ọ̀lù ni. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, àwọn ọ̀dọ́ sì kún títì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí ní àárọ̀ Sátidé ìmọ́tótó, títí di ọdún 2016 tí ìjọba fòpin sí ìséde rẹ̀. Fóònù wà lápò wọn, wọn kò rántí rẹ̀. Ilẹ̀ ni wọn kò ní, kì í ṣe ìfẹ́ eré.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti fàájì lásán. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìpíndọ́gba 60 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lójúmọ́. Ní Taiwan, láti ọdún 2010, a ń rọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé kí ọmọ máa lo wákàtí 2 níta lójúmọ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìta ń dáàbò bo ojú wọn kí ó má baà di ojú tí kò rí ọ̀ọ́kán.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, Àkókà kò jìnnà sí Fádèyí. Àwa ní pápá, a ní igi, a ní afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Mélòó nínú àwọn ọmọ Fádèyí ni ó ti fẹsẹ̀ tẹ koríko wa rí? Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní pápá, kí wọ́n ṣí i fún ọmọ àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé máa dí òpópónà kan ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kí ọmọ lè sáré. Bí ẹnìkan bá ní wọn yóò ba koríko jẹ́, ẹ sọ fún un pé koríko a máa hù padà, ṣùgbọ́n ìgbà èwe kì í padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ẹ dá ilẹ̀ padà fún ọmọ. Bí ó bá ṣì jókòó ti fóònù lẹ́yìn náà, èmi pẹ̀lú yín ni a ó jọ bá a wí.