Ọkọ̀ Kékeré Tí Agbára Rẹ̀ Pọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àdúrà tí Yorùbá máa ń gbà fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun kò gùn: ẹ ó lò ó pẹ́, ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí mo gba kọ́kọ́rọ́ Toyota GR Yaris ní ìlú Manchester tí èmi àti ẹbí mi ń gbé. Púpọ̀ nínú yín ti béèrè ohun tí ojú mi rí lára ọkọ̀ náà. Ẹ gbọ́ ọ.

Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi ní Abẹ́òkúta. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó dára o. Ṣùgbọ́n ṣé èyí tó tóbi díẹ̀ kò sí níbẹ̀ ni?" Ẹ̀rín pa mí, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Nílé wa, gíga ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń díwọ̀n oríire ẹni tó ni ín. Jíìpù ni ojú wọn ń wá. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi kíkéré na abẹ́rẹ́ pè é ní ohun mímì fún adìyẹ, ọ̀fun adìyẹ ni yóò sọ fún un.

Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yìí kò ju lítà 1.6 lọ, sílíńdà mẹ́ta péré ló ní, síbẹ̀ turbo tó wà lára rẹ̀ mú kí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 280. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pín agbára náà. Wọ́n fi carbon fibre ṣe òrùlé rẹ̀, wọ́n sì fi alumíníọ̀mù ṣe ìlẹ̀kùn àti ìdérí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ìdíje rally àgbáyé ni Toyota ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Akio Toyoda, tó jẹ́ ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí ọkọ̀ yìí jáde lọ́dún 2020, a máa wa ọkọ̀ ìdíje fúnra rẹ̀. Láti ìdúró, kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà lọ kí ọkọ̀ náà tó máa sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan.

Ìtura kọ́ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ le, gbogbo kòtò tó wà ní àdúgbò wa ni ẹ̀yìn mi sì ti mọ̀. Ìlẹ̀kùn èèyàn kò ju méjì lọ, nítorí náà àwọn ọmọ mi méjèèjì ní láti rá pálá wọ ẹ̀yìn. Bí a bá ti ọjà dé, àpò ìrẹsì kan àti iṣu mẹ́ta ti kún búùtù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo wà á gba Snake Pass, ọ̀nà orí òkè tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti Glossop lọ sí ìhà Sheffield. Mi ò sáré púpọ̀. Bí mo bá ti yí sítíárì díẹ̀, ọkọ̀ ti yà. Bí mo bá ti já jíà sílẹ̀, ẹ́ńjìnì ti dáhùn. Ó dà bí ìgbà tí onílù bá ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu oníjó kí ó tó sọ ọ́. Mo dé ilé, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí ara mi.

Àwọn kan béèrè pé ṣé ọkọ mi ló rà á fún mi. Rárá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tọ́jú owó náà, èmi àti ọkọ mi sì jọ fẹnu kò. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ kò yẹ̀, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé kò dín. Obìnrin tó bá ti gbọ́ bùkátà rẹ̀ tán lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló wá le. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa jẹ́ ọmọ ọdún 21, kò sì tíì pé ọdún kan tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n fi yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Mo ní rárá. Ó bínú, ó ní mi ò fọkàn tán òun.

Mo pè é jókòó. Bàbá wa kú sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Kò rántí ọjọ́ náà, èmi rántí. "Kò ní mu ẹ̀jẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nínú ilé wa. Mo sì ṣí ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ọkọ̀ tó ń sá 30 máìlì ní wákàtí kan nílò mítà 23 kí ó tó lè dúró. Bí ó bá di 60, mítà 73 ni. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà dúró lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Òfin tún sọ pé awakọ̀ tó bá gba àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́ yóò pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Ọkọ̀ yìí lè sá 230 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tó ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà láàyè ní òpópónà wọn lọ.

A ṣe àdéhùn. Yóò gba ẹ̀kọ́ Pass Plus, tí ìjọba ṣètò fún awakọ̀ tuntun, tí kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, n ó san owó adójútòfò rẹ̀, èmi yóò sì jókòó ti í. Ó ti ṣe wákàtí mẹ́rin báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó wọlé, ó ní olùkọ́ òun mú òun wakọ̀ nínú òjò, òun kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé táyà máa ń yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ́jú owó fún irú ọkọ̀ báyìí, ẹ rà á, ẹ gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí iye adójútòfò rẹ̀, ẹ sì pinnu ẹni tí ẹ máa fún ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ẹni náà tó béèrè. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.