Ọjọ́ àtúnṣe ló lé e lọ: ìdí tí Deployment fi rọ́pò ètò tó kàn ń ka ẹ̀dà

Ní àsìkò kajú, oníṣòwò ní agbègbè Tchaourou lè fi fóònù san owó àgbẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kò sí nínú fóònù. Ìṣirò rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà ńláńlá níbi tó jìnnà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í dá wà. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀kan bá kú.

Ta ló ń bójú tó àwọn ẹ̀dà yìí? Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Google kéde Kubernetes, orúkọ Gíríìkì tó túmọ̀ sí atukọ̀. Wọ́n máa ń di ètò kan àti gbogbo ohun tó nílò sínú ohun tí wọ́n ń pè ní kọ̀nténà, bí ẹrù tó ń ti èbúté Kútọnu gòkè bọ̀. Kubernetes ló ń pín wọn sórí àwọn kọ̀ǹpútà.

ReplicationController ni alámòójútó tí wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀, kíkà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo gáréèjì. Wọ́n ní kí mọ́tò mẹ́ta máa ná Tchaourou sí Parakou. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, olórí gáréèjì á pe òmíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi mọ́tò tuntun pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́? Ẹni tó mọ kíkà nìkan kò lè ṣe ìyẹn. Òṣìṣẹ́ ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí àṣẹ ń ti ibẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ bá já, iṣẹ́ á dúró sí agbede méjì: àtijọ́ kan, tuntun méjì. Lójú tiwa, ọjọ́ àtúnṣe báyìí léwu ju ọjọ́ tí ẹ̀dà kan kú lọ.

Ní ọdún 2016, Kubernetes 1.2 gbé Deployment síwájú. Kò pa kíkà tì o. Ó fi oníkàá tuntun, ReplicaSet, sábẹ́ ara rẹ̀, òun wá ń pàṣẹ. Á fi tuntun kan sí i, á dúró wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kó tó yọ àtijọ́ kan. Bí tuntun kò bá dára, á dúró síbẹ̀, àwọn àtijọ́ tó kù á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ó tún ń rántí bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àṣẹ kan ṣoṣo lèèyàn fi ń padà síbẹ̀. Red Hat, tí ètò tirẹ̀ jókòó lé ReplicationController, sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọdún 2023 pé kí wọ́n máa kó lọ sórí Deployment.

Kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn ṣá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́hẹ ní Benin, Nàìjíríà àti Gánà. Ẹ̀dà mẹ́wàá ní òkè òkun kò ran ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ti já lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún ẹgbẹ́ oníṣòwò pé "à ń ṣàtúnṣe, ẹ padà wá lọ́la", kí wọ́n bi wọ́n pé: ṣé wáyà ló já, àbí ẹ fẹ́ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà? Ti wáyà le. Ti ẹ̀dà, ohun tí a fi ń yẹra fún un ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2016.