Ẹ San Owó Ọkọ̀ Kí Owó Kòkó Tó Tán

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Àgọ́ Aláyè, ní Odìgbó àti ní Òrè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, pé ẹni tí ó bá fẹ́ rin ìrìnàjò lówó pọ́ọ́kú kí ó má ṣe tètè san owó. Kí ó fọwọ́ lẹ́rán, kí ó máa ka ọjọ́, kí ó jẹ́ kí ìgbéra ọkọ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, nígbà náà ni ọlọ́kọ̀ tí àyè ṣófo sí lọ́rùn yóò wá bẹ̀ ẹ́ kí ó san ìdajì. Àwọn àgbà a tún máa fi òwe tì í lẹ́yìn pé sùúrù ni baba ìwà. Èmi kò bá sùúrù jà, ṣùgbọ́n ìmẹ́lẹ́ tí ó gbé agbádá sùúrù wọ̀ ni mo ń bá jà lónìí, mo sì ń wí i láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé olúkúlùkù ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ní àjò níwájú, ìbáà ṣe ti Kérésìmesì sí Onitsha, ìbáà ṣe ti Mẹ́kà, kí ó san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó náà bá kọ́kọ́ wọlé.

N kò ṣàì mọ ibi tí orin náà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé Houston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi fóònù sọ fún ará ilé pé àwọn wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ní èbúté Galveston ní ẹ̀dínwó, nítorí pé àwọn dúró di ìgbà tí ó kù díẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí yàrá kankan ṣófo lọ sójú òkun. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbéra ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wọn ń béèrè ìyókù owó, ẹni tí kò bá rí i san a sì fi yàrá sílẹ̀, òun sì ni wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa: ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì nílé ìwé, tí kò lè rìn àfi nígbà ọlidé, ṣé òun náà ń dúró? Kò jẹ́ dúró, nítorí yàrá tí ó gba ènìyàn mẹ́rin a máa tètè tán. Láàrin oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ń polówó kíkankíkan, ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń gba àyè tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn baba tiwa pẹ̀lú, tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láti Àpápá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951 títí tí ó fi ṣíwọ́ ní 1974, wọn kì í gbé àpótí lọ sí èbúté láìtíì gba àyè. Yàrá ṣíṣófo ni gbogbo ọgbọ́n ìdúró náà rọ̀ mọ́. Ẹ wá fi àyè ṣíṣófo hàn mí ní Òrè nínú oṣù Kejìlá.

Òrè, ìlú oríta, níbi tí ọ̀nà Èkó ti ń lọ sí Bìní, tí ti Òǹdó ti ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀, tí ti Òkìtìpupa sì ń yà lọ sápá òkun, ìlú tí ogun abẹ́lé 1967 sọ di òwe tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ìyà ń jẹ ṣì ń wí títí dòní pé ‘ó le kú, ìjà Òrè’, agbede méjì ọ̀nà ni ó wà. Ọkọ̀ tí ń lọ sí Onitsha tàbí Wárì ti kún ní Jíbówú kí ó tó kúrò ní Èkó. Ohun tí ó ń dúró ṣe lọ́dọ̀ wa ni kí èrò sọ̀kalẹ̀ jẹun, kí wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kí wọ́n sì padà sórí àga tí wọ́n ti san owó rẹ̀. Àyè wo wá ni ará Àgọ́ Aláyè ń retí?

Ẹ lọ dúró ní gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá kí ẹ wò ó. Àgbèrò ń pariwo ‘ó ku ẹnì kan, ó ku ẹnì kan!’, ìyá tí ó ru gàrí àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sáré wọlé, á bá àwọn ọkùnrin bíi mẹ́rin tí wọ́n jókòó pẹ̀sẹ̀, tí ẹrù kankan kò sì sí lẹ́sẹ̀ wọn. Kò pẹ́ tí ọ̀kan á ní òun fẹ́ ra omi, tí èkejì á ní òun fẹ́ gba ìpè, wọn kò sì ní padà mọ́, nítorí ọmọ gáréèjì ni wọ́n, wọ́n kàn ń bá dẹ́rẹ́bà gbé àga kí ọkọ̀ lè dà bí èyí tí ó ti kún ni. Owó tí wọ́n dá lé ìyá náà nígbà tí ó ń wọlé tún ti yí padà nígbà tí wọ́n rí ẹrù rẹ̀. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Bí ó bá san án, owó ẹni méjì ni ó san. Ohun tí wọ́n ní kí a máa pè ní sùúrù nìyẹn.

Ẹ̀rí kejì kan àwọn Mùsùlùmí wa gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí àjọ NAHCON, tí ń bójú tó ètò Hájì ní Nàìjíríà, ń gba owó fún Hájì 2024, nǹkan bí mílíọ̀nù 4.9 náírà ni ẹni tí ó ń ti ìhà gúúsù lọ ní láti san. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìdúró ní ọjọ́ ṣì ń bẹ níwájú. Àmọ́ náírà kò bá wọn dúró: dọ́là tí kò tó 480 náírà lójú ìjọba kí wọ́n tó tú iye náírà sílẹ̀ fún ọjà ní àárín oṣù Kẹfà 2023 ti kọjá 1,400 nínú oṣù Kejì 2024. Bí oṣù Kẹta ti ń parí lọ, àjọ náà kéde pé ẹni tí ó ti san owó tẹ́lẹ̀ yóò fi 1,918,032 náírà kún un, ẹni tí kò tíì san rárá yóò sì san ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 8. Wọn a máa dá mi lóhùn pé ẹni tí ó tètè san náà ṣáà san kún un. Bẹ́ẹ̀ ni, ó san kún un, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù 7. Ẹni tí ó dúró san ju mílíọ̀nù kan lọ lé e nítorí ìdúró lásán, ẹni tí kò sì rí i san jókòó sílé. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá.

Ìdáhùn tí wọ́n fi ń gbéra ga jù lọ ni ti Kérésìmesì 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde lójijì pé láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìíní ọdún tuntun, ìdajì owó ni èrò yóò san nínú ọkọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kan, àti pé ọ̀fẹ́ ni rélùwéè. Ṣé ẹ rí i, wọ́n ní, ẹni tí ó dúró ló jẹ ẹ́. Ta nínú wọn ni ó mọ̀ nínú oṣù Kẹwàá pé ìkéde náà ń bọ̀? Rélùwéè wo ni ó sì gba Òrè kọjá? Nínú ọdún kan náà, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ìkéde mìíràn ti jáde lójijì bẹ́ẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jálá epo tí kò tó 200 náírà sì ti kọjá 600 kí oṣù Keje tó parí, owó ọkọ̀ sì bá a gòkè. Nínú ìkéde méjèèjì tí ó dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹyọ kan tí ó dùn nìkan ni wọ́n rántí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo lè gbà fún wọn láre: wọ́n ń bẹ̀rù kí a má baà kó owó àwọn jẹ. Ẹ̀rù náà tọ́, nítorí a rí àwọn aṣojú tí ń gba owó ìrìnàjò lábẹ́ igi, láìní ṣọ́ọ̀bù, láìní rìsíìtì. Ẹni tí ó bá fún irú wọn lówó kò tíì san owó ọkọ̀. Ojú kántà ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ ni kí a lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé kalẹ̀ fún Hájì. Kí a gba ìwé tí déètì àti nọ́ńbà àga wà lára rẹ̀, kí a sì béèrè kí a tó yọ owó pé bí àìsàn bá dé, èló ni wọn yóò dá padà. Ẹni tí kò lè kó gbogbo owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè máa fi díẹ̀díẹ̀ pamọ́ nínú ètò tí NAHCON àti Jaiz Bank dá sílẹ̀ fún Hájì.

Ó sì yà mí lẹ́nu pé láàrin àgbẹ̀ ni irú àṣìrò ìdúró báyìí ti fìdí múlẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó, ọmọ a-lá-oko-fi-kọ́lé, mọ ọjọ́ tí èso yóò pọ́n, ó mọ iye òru tí kòkó yóò sùn lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí a tó sá a, ó sì mọ̀ pé èyí tí ó bá pẹ́ jù nínú àpò yóò bu. Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Nínú oṣù Kẹwàá ni kòkó ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ orí ìwọ̀n, owó a dé ọwọ́, gáréèjì a sì dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá, owó náà ti bá ìnáwó òkú, aṣọ ẹbí àti páànù lọ, gáréèjì sì ti gbóná. A rí ọdún tí kòkó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé ní oṣù Kẹrin 2024, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n sì ra alùpùpù méjì nígbà náà ni a tún bá ní oríta ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, tí wọ́n ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ tí ó ti kún láti Èkó.

Ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ ti èrò nìkan. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí ń fi Òrè ṣe ilé oúnjẹ lásán, tí wọ́n ń pa owó lórí ọ̀nà wa láti ọdún dé ọdún, ẹ ya àga díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wa nínú ọkọ̀ yín, ẹ ṣí kántà ní oríta láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, ẹ kọ owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó kí gbogbo ojú rí i, kí ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó sì yan ènìyàn tì í tí yóò máa wò ó bóyá owó ara pátákó náà ni ẹ ń gbà.