Tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ fún ààfin ọba: kí ìṣirò ṣáájú owó

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ààfin àwọn ọba àtijọ́ ti di ibi ìbẹ̀wò. Owó ni àlejò fi ń wọ inú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ààfin mẹ́ta yóò sanwó lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ sílẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní «pass». Ẹni tí ó bá rà á yóò sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì lè wọ ibi púpọ̀. Àwọn tí ń tà á a máa sọ pé ó ń dín ìnáwó kù. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òtítọ́ náà kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tí ó ṣírò kí ó tó rà á ni yóò jèrè. Ẹni tí kò ṣírò lè san ju ohun tí ó yẹ kí ó san lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Àwọn ìdílé wà tí ọmọ wọn ń kẹ́kọ̀ọ́ tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà mìíràn, ọmọ a ránṣẹ́ pe ìyá tàbí bàbá rẹ̀ pé kí ó wá kí òun. Bí òbí bá dé, ọmọ a fẹ́ mú un lọ wo àwọn ààfin tí òkìkí wọn kàn. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2025, tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ ìlú Paris, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Paris Museum Pass, jẹ́ yúrò 70 fún wákàtí 48. Yúrò kan jẹ́ 655,957 fáráǹkì sẹ́fà. Nítorí náà, yúrò 70 jẹ́ 45 917 fáráǹkì. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2023 jẹ́ 52 000 fáráǹkì. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méjì fún ẹnì kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ odindi oṣù kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni tíkẹ́ẹ̀tì náà ń ṣí? Ibi tí ó lé ní 50 ni. Louvre wà lára wọn. Ilé olódi ni ọba Philippe Auguste kọ́ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1190. Ó di ààfin lẹ́yìn náà, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1793. Ààfin Versailles náà wà níbẹ̀, níbi tí ọba Louis 14 kó ìjọba rẹ̀ lọ ní ọdún 1682. Conciergerie tún wà, ààfin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ẹ̀wọ̀n, níbi tí wọ́n ti Ayaba Marie-Antoinette mọ́ ní ọdún 1793. Ilé olódi Vincennes kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ yìí lè rò pé ọrọ̀ ńlá ni òun fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè wọ ibi 50 ní ọjọ́ méjì?

Kí a wo àpẹẹrẹ kan. Bí tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ bá jẹ́ 45 000 fáráǹkì, tí owó ìwọlé ààfin kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 13 000, ẹni tí ó wo ààfin méjì ìbá san 26 000 lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó wo mẹ́ta ìbá san 39 000. Ẹni tí ó wo mẹ́rin ìbá san 52 000. Ó hàn gbangba pé láti orí ààfin kẹrin ni èrè tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Versailles nìkan lè gba odindi ọjọ́ kan, nítorí pé ẹ̀yìn Paris ni ó wà, yàrá rẹ̀ lé ní 2 000, ọgbà rẹ̀ sì gbòòrò. Ààfin mẹ́ta yòókù ni yóò kù fún ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́ lè sáré bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn kò lè ṣe é, kò sì yẹ kí ó ṣe é.

Àwọn obìnrin ọjà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí ènìyàn bá ra odindi apẹ̀rẹ̀ tòmátì nítorí pé ó dínwó ju kí ó rà á ní ìwọ̀nba, tí ìdajì rẹ̀ sì rà kí ó tó sè é, kò rí èrè kankan. Ohun tí kò lò ti jẹ ẹ̀dínwó rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ibi tí ènìyàn fẹ́ dé bá ti mọ, bẹ́ẹ̀ ni kí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ. Nígbà mìíràn, tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ kékeré dára ju ńlá lọ. Conciergerie àti Sainte-Chapelle, fún àpẹẹrẹ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tíkẹ́ẹ̀tì kan sì wà tí ó pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Àkókò náà ní ìṣirò tirẹ̀. Wákàtí 48 náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlé. Bí ó ti ń sùn ní òru, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí ń lọ. Versailles a máa tì ní ọjọ́ Ajé, Louvre a sì máa tì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tí ó bá pinnu láti lọ sí Versailles ní ọjọ́ Ajé àti Louvre ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò bá ilẹ̀kùn méjèèjì ní títì. Bí ó bá yí ètò rẹ̀ padà, ilẹ̀kùn méjèèjì yóò ṣí fún un. Owó kan náà ni, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Kíkà ni ó fa ìyàtọ̀. Bákan náà, ẹni tí ó ní tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ gbọ́dọ̀ gba wákàtí ìwọlé sílẹ̀ ṣáájú, ní Louvre àti ní Versailles. Ẹni tí kò ka ìlà yẹn lè dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n dá a padà.

Ìlà tí ó níye lórí jù lọ ni ìlà àwọn tí kì í sanwó rárá. Ní Louvre, ní Versailles, ní Conciergerie àti ní Vincennes, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó, láti orílẹ̀-èdè yòówù kí ó ti wá. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 26, tí ó sì ń gbé ilẹ̀ Faransé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, kì í sanwó pẹ̀lú. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ wà lára wọn. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé ààfin Versailles ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Bàbá, ìyá àti ọmọ kéékèèké mẹ́ta kò ní ohun tí wọ́n ń fi tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún ṣe. Méjì ni kí wọ́n rà, bí wọ́n bá tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ ń fún ọkàn ní ìsinmi, pé ènìyàn kò ní máa yọ owó lápò ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Òótọ́ ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí ó ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí ó sì fẹ́ wo ibi mẹ́wàá, kí ó rà á, yóò jèrè. Ṣùgbọ́n ìsinmi ọkàn tí ó ń sọ àpò di òfìfo kì í pẹ́.

Ìdí mìíràn tún ti yọjú tí ó fi yẹ kí ará Bẹ̀nẹ̀ la ojú rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ẹni tí kì í ṣe ará Yúróòpù, tí kò sì gbé ibẹ̀, ń san yúrò 32 ní Louvre, èyí tí í ṣe 20 991 fáráǹkì. Yúrò 22 ni àwọn ará Yúróòpù ń san, èyí tí í ṣe 14 431 fáráǹkì. Wọ́n ní owó náà wà fún àtúnṣe ilé. Síbẹ̀, kò tọ́ kí ìyá tí ń ta gàrí ní Kétu san ju dókítà ìlú Paris lọ. Títí di ìgbà tí wọn yóò tún un ṣe, kí olúkúlùkù mọ ìlà tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé iye owó.

Ọ̀rọ̀ yìí padà wá sílé. Ìtẹ́ ọba Ghézo, ìtẹ́ ọba Glèlè àti ilẹ̀kùn ààfin Àgbómẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun Dodds kó lọ ní ọdún 1892, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly ní Paris fún ọdún pípẹ́. Ilé náà wà lára àwọn ibi tí Paris Museum Pass ń ṣí. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ní láti sanwó ní Paris kí ó tó rí ìtẹ́ àwọn ọba ilẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun 26 padà sí Bẹ̀nẹ̀. Nísinsin yìí tí wọ́n ti padà, kò yẹ kí owó ẹnu ọ̀nà tún dènà àwọn tí wọ́n ni wọ́n.

Ní Àjàṣẹ́, ààfin Honmè, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Adandé àti ilé da Silva, tí ń sọ ìtàn àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brasil padà dé, wà nínú ìlú kan ṣoṣo. Tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀ kan fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò dára fún ilé ẹ̀kọ́, fún ìdílé àti fún ẹgbẹ́ àwọn tí ń kọ́ ìwé kíkà. Kí ó máa ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí pé àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò lè fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àwọn ọmọdé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n sì kọ iye owó sí ẹnu ọ̀nà ní èdè Yorùbá, ní èdè Gùn àti ní èdè Faransé. Ẹni tí kò lè ka iye owó kò lè mọ̀ bóyá wọ́n yọ òun sílẹ̀ nínú sísanwó.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àpapọ̀, níhìn-ín tàbí lókè òkun, ó yẹ kí ó mú bébà àti kálámù, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Ibi mélòó ni ó máa wọ̀ ní tòótọ́? Èló ni ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan? Ọjọ́ wo ni ibẹ̀ ń tì? Ta ni kò gbọdọ̀ sanwó nínú àwọn tí wọ́n jọ ń lọ? Lẹ́yìn náà ni kí ó ro iye rẹ̀ pọ̀. Bí ìṣirò bá sọ pé kí ó rà á, kí ó rà á. Bí ìṣirò bá sọ pé kò pọndandan, kí ó fi owó rẹ̀ sápò, kí ó sì wo ààfin kan dáadáa.