Ọdẹ Tí Yóò Pa Apẹranjẹ Gbọ́dọ̀ Jíhìn

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Àgọ́sásà, tàbí ní abúlé èyíkéyìí láti Ìpókíá títí dé Ìdí-Ìrókò, tí ẹtà ti wọ ilé adìyẹ rẹ̀ lóru rí, tí yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ dárúkọ ẹranko náà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bí ó bá sì dẹ tàkúté, tàbí tí ó ránṣẹ́ pe ọdẹ oníṣakabùlà, èmi kò ní bá a wí. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí a máa pa àwọn apẹranjẹ láìníye àti láìlásìkò, láìsí ẹnì kan tí ọdẹ ń jíhìn fún.

Láyé àwọn baba wa, ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn, ẹkùn alára títò tí ìkùn rẹ̀ ń mú akọni rántí ilé, kò jẹ́ kun ún sí ìdí ààrò ara rẹ̀. Ààfin ni ó ń gbé e lọ, ọba ni ó sì ń gba awọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ọlá ọba lásán, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ọ̀nà tí ìlú fi ń mọ iye ẹkùn tí ó kú. Nígbà tí ìbọn pọ̀, tí a sọ ẹgàn di oko, tí àṣà náà sì rọ̀, ẹkùn pòórá nínú ọ̀pọ̀ igbó wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí àwọn gómìnà wa ṣí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9, oṣù Ṣẹẹrẹ, 2020, ẹkùn tí ó wà nínú orúkọ wọn ti di ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá.

Ológbò jáde nílé, ilé dilé èkúté. Erè tí a ń fi àdá gé lórí lójú ọ̀nà oko ni ó ń gbé ọ̀yà àti òkété mì. Ọ̀yà yìí náà ni ó ń gé àgbàdo nídìí, tí òkété sì ń hú ẹ̀gẹ́ jẹ. Ẹni tí ó fi májèlé Gamalin sínú òkú ẹran nítorí ẹtà tilẹ̀ burú jù, nítorí igún tí ó bá bà lé e àti ajá tí ó bá tọ́ ọ wò ni yóò jọ kú.

Àwọn kan ní kí a fòfin de ọdẹ pátápátá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1985 ti dáàbò bo ẹkùn, ṣùgbọ́n ta ni ó ń ṣọ́ igbó lóru bí kì í bá ṣe ọdẹ? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Ní àríwá Benin, lẹ́bàá ọgbà ẹranko Pendjari, nígbà kan rí, ìjọba ya ilẹ̀ ọdẹ sọ́tọ̀, wọ́n ń dá iye kìnnìún tí ọdẹ lè pa, wọ́n sì ń fi 30 nínú 100 owó ọdẹ fún ẹgbẹ́ àwọn ará abúlé. Síbẹ̀, ìwádìí tí ó jáde ní 2014 fi hàn pé gbogbo kìnnìún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò ju bí 400 lọ, àyíká ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Kíkà ni a fi mọ èyí. Nítorí náà, níbi tí a kò bá ti ka ẹran, kí a má ṣe tíì fúnni ní àṣẹ láti pa á.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọba, ẹgbẹ́ ọdẹ àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá jókòó pọ̀. Kí wọ́n ti igbó pa nígbà tí ẹran ń bímọ. Kí wọ́n fòfin de májèlé. Kí gbogbo ẹtà àti erè tí ọdẹ bá pa dé iwájú olórí ọdẹ, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí a sì máa mú nínú owó àṣẹ ọdẹ san ẹ̀san fún ẹni tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ṣòfò. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bí ó bá ro ìyà, kò ní fún ẹnikẹ́ni nínú ẹran rẹ̀. Nítorí náà kí òfin jẹ́ kí ó rí èrè nínú ìṣọ́ igbó. Ọdẹ tí ó bá sì kọ̀ láti jíhìn, kí ẹgbẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀.