Ìwé wo ló mọ ọjọ́ tí ẹ dé? Ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Faransé àti ti àwọn ará wa láti Nàìjíríà

Ẹ wo àdúgbò yín dáadáa. Láti Igolo dé Banigbé, láti Daagbé dé Tchaada, ẹ máa rí ará Nàìjíríà tó ti fìdí kalẹ̀ ní kọ́mùnù Ifangni wa yìí. Obìnrin kan wà tó lọ́kọ síbí. Ọkùnrin kan wà tó ń ta páàtì mọ́tò. Òmíràn yá yàrá méjì, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, ó ní ilé ẹ̀kọ́ ibí tẹ́ òun lọ́rùn. Tí ẹ bá bi wọ́n pé ṣé àjèjì ni wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èdè kan náà là ń sọ. Ìfọ̀nyìn wà níbí, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wà lọ́hùn-ún. Ìlà tó wà láàárín wa, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó fà á nínú àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, wọn ò sì bi bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa léèrè.

Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé iwájú ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ìwé ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò ní bi í bóyá ó mọ oríkì. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ṣàlàyé ohun tí mò ń sọ, torí ohun tó dé bá wọn láàárín ọdún 2016 sí 2022 jọ ọ̀rọ̀ tiwa ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Kó tó di ọdún 2020, Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ gbé ní Faransé kò nílò ju páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí Benin àti Nàìjíríà ṣe jọ wà nínú CEDEAO. Ó lè ra ilé, ó lè ṣiṣẹ́, ó lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, kó má sì tẹsẹ̀ bọ préfecture rárá láti gba carte de séjour. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ máa bá wọn ní agbègbè Dordogne àti láwọn ibòmíràn, níbi tí wọ́n ti ń ra ilé àtijọ́ nínú àwọn abúlé tí àwọn ọ̀dọ́ ti fi sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Àwọn kan lo ogún ọdún níbẹ̀ láìgbọ́ Faransé ju "bonjour" lọ. Wọ́n ka ara wọn sí onílé.

Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2016, àwọn ará Ìlú Ọba dìbò pé àwọn fẹ́ jáde nínú àjọ náà. Wọ́n jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n sì fún àwọn èèyàn láyè títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń gbé ní Faransé kí ọjọ́ náà tó kọjá, àdéhùn ìjáde dáàbò bo ẹ̀tọ́ rẹ̀: kó máa gbé, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa gba ìtọ́jú. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ti di àjèjì bí àjèjì yòókù: ọjọ́ 90 péré nínú ọjọ́ 180, tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gba físà kó tó kúrò nílé.

Ó dáa. Báwo lèèyàn ṣe máa fi hàn pé òun ti wà níbẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó kọjá? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìjọba Faransé ṣí ojú ewé kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kí gbogbo wọn lè béèrè káàdì ìgbélùú. Káàdì náà kò gba owó. Wọ́n ní kí wọ́n béèrè rẹ̀ kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2021 tó kọjá, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2022, ó di dandan kí káàdì wà lọ́wọ́. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùn-ún níbẹ̀ lè gba ti ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ gba ti ọdún márùn-ún, lẹ́yìn tó bá ti ṣàlàyé ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń ṣe.

Àwọn nǹkan tí wọ́n fi ń jẹ́rìí kéré lójú: facture iná tó ní orúkọ ẹni àti déètì, ìwé owó orí, ìwé àdéhùn ilé, ìwé ìforúkọsílẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera tó máa ń mú carte Vitale wá. Ẹni tó ti ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú àpò láti ọdún mẹ́wàá rọra kọjá. Ẹni tó ń gbé ilé ọ̀rẹ́, tí facture jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́, tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, ló wá ń sáré kiri. Ó lè ti pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni àkọ́kọ́ lọ o! Gbogbo abúlé lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé kò mọ ọjọ́ tó dé.

Ẹnì kan lè ní, "Tíṣà, CEDEAO ní ká máa lọ ká máa bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdajì àdéhùn náà ni ẹ gbọ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ní ọmọ orílẹ̀-èdè CEDEAO lè wọlé láìsí físà, kó lo ọjọ́ 90, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tó ṣì dára lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn kan náà ló ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá ọjọ́ 90 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ ìgbé àti iṣẹ́ wá nínú àdéhùn ti 1986, ọ̀rọ̀ ìdásílẹ̀ òwò wá nínú ti 1990. Torí náà, ará Nàìjíríà tó ti lo ọdún mẹ́jọ ní Igolo láìbéèrè àṣẹ kankan, ojú àánú la fi ń wò ó. Ojú àánú lè yí padà lọ́jọ́ kan.

Ẹ ò sì tíì gbàgbé bí ó ṣe ń yí padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè. Kò kúrò nínú CEDEAO, kò fagi lé àdéhùn kankan, ó kàn tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, a rò pé tiwa ti dé, àmọ́ Ìdí-Ìrókò tó kọjú sí Igolo dúró títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fàṣẹ sí i. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà lódì kejì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti Gánà tún le ju ìyẹn lọ, ó sì kan Yorùbá tààrà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbé gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n jáde. Àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Èjìgbò àti Ọ̀fà ti ń tajà níbẹ̀ fún ìran méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn mìíràn nínú wọn, Gánà ni wọ́n bí wọn sí, wọn ò mọ ilé bàbá wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn ará Benin náà ti jẹ nínú rẹ̀: Abidjan ní 1958 nígbà tí à ń jẹ́ Dahomey, Gabon ní 1978, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní 1983. Kò sí ìdílé ńlá kan ní Plateau tí kò ní ẹni tó lè sọ ọ̀kan nínú ìtàn wọ̀nyí.

Ní báyìí, Málì, Bùrùkínà Fasò àti Nìjẹ̀ ti jáde nínú CEDEAO láti ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. CEDEAO ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ṣì máa gba páásípọ́ọ̀tù àti káàdì wọn títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà: títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ nǹkan mìíràn. Ará Nìjẹ̀ tó ń tajà ní ọjà wa ti wà nínú ipò tí Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́dún 2020, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ fún un. Èmi ò rò pé Nàìjíríà máa jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe rí i ní 2019, kò dìgbà tó bá jáde.

Kí ni ará wa tó wá láti ọ̀hún lè ṣe báyìí? Kó kọ́kọ́ gba ẹnubodè wọlé, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀. Mo mọ̀ pé zẹ́mì tó ń gba inú igbó kọjá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà kó lọ bá olórí abúlé, kó gba ìwé tó fi hàn pé ibẹ̀ ló ń gbé, kó tó lọ béèrè àṣẹ ìgbé lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Émigration-Immigration. Kó forúkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Kútọnù. Kó bá onílé ṣe àdéhùn tó wà lórí ìwé. Ẹ̀yin onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fún ayálégbé ní rìsíìtì, kí ẹ kọ déètì sí i. Àwa kan ò fẹ́ràn kí ìwé máa jẹ́rìí owó tí a gbà, ẹ dẹ̀ mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ SIM ń kó ìdààmú bá mi. Torí pé ìwé ìdánimọ̀ ni wọ́n máa ń béèrè, ọ̀pọ̀ àlejò ń fi orúkọ ọ̀rẹ́ tàbí orúkọ ọmọ onílé ra SIM, wọ́n á wá kó gbogbo owó ọjà sórí MoMo tó wà lórí nọ́ńbà yẹn. Lójú òfin, orúkọ ta ni owó yẹn wà? Tí ọ̀rẹ́ bá kú, tàbí tí ìjà bá dé, ta ló máa dá a padà?

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Ibi tí mo ti rí ìjà jù nìyẹn. Code foncier et domanial wa, òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2013 tí wọ́n tún ṣe ní 2017, kò gbà kí àjèjì ra ilẹ̀ oko ní abúlé kó di tirẹ̀. Ó lè yá a, kí wọ́n kọ bail fún un. Àwọn kan ti wá rí ọgbọ́n dá: wọ́n á fi orúkọ àna wọn tó jẹ́ ará Benin kọ convention de vente, wọ́n á san owó, wọ́n á gbin ọ̀pẹ sí i. Lójú ìwé, ilẹ̀ àna ni. Tí àna bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ àdéhùn kankan, wọn ò sì purọ́. Bail tó ní òǹtẹ̀ sàn ju ọ̀pẹ lórí ilẹ̀ orúkọ ẹlòmíràn. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ sí mairie, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ANDF, ẹ béèrè.

Ti ọmọ ló kàn mí jù, torí iṣẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ ìyá láti Nàìjíríà kì í gba acte de naissance fún ọmọ tí wọ́n bí síbí, wọ́n rò pé ọmọ á tipa bẹ́ẹ̀ di ará Benin tipátipá, tàbí pé ọmọ àjèjì ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Acte de naissance ń sọ ibi tí wọ́n bí ọmọ sí, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè yàtọ̀. Ẹ kéde ọmọ náà láìjáfara, torí ní CM2, nígbà tí à ń ṣètò CEP, ìwé yẹn ni à ń béèrè, ọmọ ọdún mọ́kànlá ò sì lè lọ wá a fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n bí lọ́hùn-ún, ẹ bá a mú ìwé ìbí rẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé èsì ẹ̀kọ́, kí ògbufọ̀ tí ìjọba mọ̀ tú u sí Faransé. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, mẹ́fà náà ni lọ́hùn-ún, síbẹ̀ ọmọ Primary 5 lè bá ara rẹ̀ ní CE1 torí pé kò gbọ́ Faransé. Ọmọ náà ò yọ̀lẹ̀. Tó bá mọ ìṣirò, ẹ jẹ́ kí tíṣà mọ̀.

Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ náà ti rí tiwọn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé ìròyìn akọ̀ròyìn rẹ̀ kan jáde ní ìparí ọdún 2023, tó gba ìwé ẹ̀rí fásitì ní Kútọnù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró ní ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta jókòó kàwé gidi bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá Nàìjíríà gba ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní 2016, owó pọ́n-ùn wọn já wálẹ̀, àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì láti ilé wá rí i pé ọjà Faransé ti wọ́n. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, ẹni tó ń gbé níbí tó ń retí náírà láti ọ̀hún ti rí ohun kan náà. CFA tiwa so mọ́ euro, 655,957 fún euro kan, kì í mì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé níbí, kó wá iṣẹ́ tó ń mú CFA wọlé.

Ìyá kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ọdún mẹ́rìnlá lòun ti lò níbí láìsí ìwé kankan, ṣé kò ti pẹ́ jù. Mo ní kó lọ wo ilé rẹ̀ dáadáa. Ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ rẹ̀ àkọ́bí wá, tí wọ́n kọ ní centre de santé níbí, pẹ̀lú déètì àti orúkọ ìyá. Pẹ̀lú rẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa gbé e lọ bá olórí abúlé.